Ajílẹ̀ Inú Ìgò: Lílo Ajílẹ̀ Nánò Lóko Àgbàdo

Ẹni tó bá ti ń dáko àgbàdo láti ọdún mélòó kan wá yóò ti pàdé ẹni tó ń ta ajílẹ̀ inú ìgò. Ìgò náà kò ju ohun tí a lè tì bọ àpò ṣòkòtò lọ, ọ̀rọ̀ tó sì máa ń bá a rìn dùn mọ́ etí: ìgò yìí kan tó àpò ajílẹ̀ kan, ẹ kò ní san owó ọkọ̀ mọ́, ẹ kò ní wá alágbàṣe tí yóò máa bu ajílẹ̀ sí ìdí àgbàdo, ẹ ṣáà pò ó mọ́ omi kí ẹ fín in. Ajílẹ̀ nánò ni wọ́n ń pè é. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, àsọdùn sì pọ̀ níbẹ̀. Ohun tí ẹ óò fi ya ọ̀kan kúrò lára èkejì ni ìṣirò tí ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe, àti ilẹ̀ díẹ̀ nínú oko yín tí ẹ óò yà sọ́tọ̀ fún ìdánwò.

Ohun tó wà nínú ìgò

Ẹ mú mítà kan, kí ẹ pín in sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan: ẹyọ kan níbẹ̀ ni nánómítà. Irun orí ẹyọ kan nípọn tó nǹkan bí nánómítà 80,000. Ẹ̀rún tí a ń pè ní nánò kì í sábà fẹ̀ ju nánómítà 100 lọ, nítorí náà ojú lásán kò lè rí i, kódà ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo nǹkan kéékèèké nílé ìwé girama kò lè rí i. Kíkéré yìí ló fún un lágbára. Bí ẹ bá ju odidi káún sínú ilá, yóò pẹ́ kó tó yọ́. Bí ẹ bá lọ̀ ọ́ kúnná, kíá ló ti wọnú ọbẹ̀. Káún kan náà ni, ibi tí omi ti ń kàn án ló pọ̀ sí i. Síǹkì ọ́sáídì, bí àpẹẹrẹ, kì í fẹ́ yọ́ nínú omi. Nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́ di ẹ̀rún nánò, ó máa ń yára yọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ewé sì ń rí nǹkan mú lára rẹ̀.

Ọ̀nà tí ajílẹ̀ yìí ń gbà wọlé kò gbòòrò tó bí àwọn tó ń tà á ṣe ń sọ. Nǹkan kan bí ìda ló bo ara ewé, kí omi inú rẹ̀ má baà gbẹ. Ihò tí ewé fi ń mí wà lára rẹ̀, ihò yìí sì fẹ̀ ju ẹ̀rún nánò lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ó máa ń padé nígbà tí oòrùn bá mú tí ilẹ̀ sì gbẹ. Nínú ohun tí a fín, òmíràn wọlé, òmíràn gbẹ sórí ewé, òmíràn já sílẹ̀, òjò sì ń fọ òmíràn lọ. Èyí kan ajílẹ̀ nánò gẹ́gẹ́ bó ṣe kan ajílẹ̀ olómi mìíràn.

Oríṣi mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ni olómi tó ní náítírójìn tàbí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èyí tí wọ́n ń fẹ́ kó rọ́pò àpò. Èkejì ni èyí tó ní àwọn èròjà tí ohun ọ̀gbìn ń lò ní ìwọ̀nba: síǹkì, irin, bàbà àti irú wọn. Ẹ̀kẹta ni ajílẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rún nánò kó má baà tètè yọ́ tán nínú ilẹ̀. Ẹ má ṣe kó wọn pọ̀ mọ́ra wọn, nítorí ohun tó jẹ́ òótọ́ nípa ọ̀kan lè jẹ́ irọ́ pátápátá nípa èkejì. Ibi tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti ń pàdánù owó nìyí: wọ́n gbọ́ ìròyìn rere nípa síǹkì, wọ́n sì lọ ra náítírójìn.

Ìṣirò tí olùtajà kì í ṣe

Íńdíà ni orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti lo ajílẹ̀ nánò jù, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ tó yè kooro wà. IFFCO, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó tóbi jù nínú òwò ajílẹ̀ níbẹ̀, gbé yúríà nánò olómi jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2021. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Narendra Modi, olórí ìjọba Íńdíà, ṣí iléeṣẹ́ tó ń ṣe é ní Kalol, ní ìpínlẹ̀ Gujarat. Mílílítà 500 ni ìgò kan, 4% náítírójìn ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ní kí àgbẹ̀ fi ìgò kan rọ́pò àpò yúríà kílò 45 kan. Ìwọ̀n tí wọ́n ní kí wọ́n lò ni mílílítà 2 sí 4 nínú lítà omi kan, ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ìgbà tí irè fi wà lóko. IFFCO sọ pé àwọn ti dán an wò lóko àgbẹ̀ tó tó 11,000, lórí irè tó lé ní 90, pé èrè oko sì fi nǹkan bí 8% lé sí i.

Ẹ jẹ́ ká mú pẹ́ńsù. 4% nínú mílílítà 500 jẹ́ gíráàmù 20 náítírójìn. Yúríà àpò ní 46%, nítorí náà àpò kílò 45 ní kílò 20.7. Ìyẹn ju ohun tó wà nínú ìgò lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan. Olùtajà yóò ní yúríà àpò máa ń ṣòfò púpọ̀, òótọ́ sì ni: apá kan ń bá afẹ́fẹ́ lọ, òjò ń wọ́ apá kan lọ sísàlẹ̀ kọjá ibi tí gbòǹgbò dé. Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ gbà fún un pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ṣòfò. Èyí tó kù ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 7, ó sì ju ohun tó wà nínú ìgò 300 lọ.

Ẹ gbà á láti ìhà kejì. Nínú kílò 100 ọkà àgbàdo gbígbẹ, nǹkan bí kílò kan ààbọ̀ ni náítírójìn. Ẹ kò tíì ka ti ewé àti pòròpórò mọ́ ọn. Bí gbogbo gíráàmù 20 inú ìgò náà bá wọ àgbàdo láì já ẹyọ kan sílẹ̀, àgbàdo tí yóò mú jáde kò ju bíi kóńgò kan lọ. Kóńgò kan, lórí odidi éékà.

Wọ́n tún máa ń dáhùn pé ẹ̀rún nánò ń ta ohun ọ̀gbìn jí, tó fi ń lo náítírójìn tó ti wà nílẹ̀ dáadáa sí i. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ tí náítírójìn ti pọ̀ sí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù Nàìjíríà ni a ti dá ní àdátúndá, ọ̀rá inú wọn ti tán, náítírójìn gan-an sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe aláìní. Kí la fẹ́ ta jí níbi tí kò sí nǹkan kan?

Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Punjab ní Ludhiana dán yúríà nánò yìí wò fún ọdún méjì lórí ìrẹsì àti àlìkámà, wọ́n sì fi í wé ìwọ̀n yúríà àpò tí wọ́n máa ń gba àgbẹ̀ níyànjú láti lò. Ìrẹsì dín ní 13%, àlìkámà dín ní nǹkan bí 21.6%, purotéènì inú ọkà méjèèjì sì dín kù pẹ̀lú. Max Frank àti Søren Husted ti Yunifásítì Copenhagen kọ̀wé ṣe lámèyítọ́ ẹ̀rí tí wọ́n fi gbé ọjà náà jáde, wọ́n sì sọ gbangba pé ìlérí náà kò bá ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti ohun ọ̀gbìn mu. Nígbà tó yá, àwọn èyí tí náítírójìn inú wọn ju 4% lọ náà ti jáde. Ká ní 20% ló wà nínú ìgò kan, gíráàmù 100 ni. Kò tíì tó nǹkan.

Ohun kan tún wà tó máa ń dùn mí tí n kò bá sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fín náítírójìn sórí ewé lóòótọ́ lè fi yúríà àpò ṣe é: gíráàmù 10 nínú lítà omi kan. Bí omi tó lò lórí éékà bá jẹ́ lítà 160, yúríà kílò 1.6 ló fín, náítírójìn inú rẹ̀ sì lé ní gíráàmù 700. Iye owó tó fi ra yúríà yẹn kò lè tó owó ìgò nánò kan, náítírójìn rẹ̀ sì ju ti ìgò náà lọ ní ìlọ́po tó lé ní 30.

Nítorí náà, ní ti náítírójìn, ìmọ̀ràn orí yìí kò ní àbùlà: ẹ má ṣe dín yúríà tàbí NPK yín kù nítorí ìgò kankan. Yúríà tí ẹ bá fẹ́ kó má ṣòfò, ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ bò ó mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ìdí àgbàdo dípò kí ẹ wọ́n ọn sójú ilẹ̀, kí ẹ sì ṣe é nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà náà yóò ràn yín lọ́wọ́ ju ìgò lọ.

Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti hàn

Síǹkì ni ibi tí ọ̀rọ̀ nánò ti ní ìtumọ̀ jù fún àgbẹ̀ wa. Ìdí rẹ̀ wà nínú ìṣirò kan náà: síǹkì tí éékà àgbàdo kan ń lò kì í ju gíráàmù mélòó kan lọ́nà ọgọ́rùn-ún lọ, ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ sì lè gba ojú ewé wọlé. Àwọn onímọ̀ ní Íńdíà tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 2012 lórí ẹ̀pà. Wọ́n fi síǹkì ọ́sáídì tí ẹ̀rún rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí nánómítà 25 wé síǹkì tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Lóko, wọ́n fín síǹkì nánò ní ìwọ̀n tó kéré sí ti èkejì ní ìlọ́po 15. Ẹ̀pà tó gba ti nánò so ju èkejì lọ ní 29.5% lọ́dún kan, ó sì jù ú lọ ní 26.3% lọ́dún kejì.

Ẹ wo ìyókù iṣẹ́ yẹn dáadáa, nítorí àwọn olùtajà kì í kà á dé ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n pò gíráàmù kan síǹkì nánò mọ́ lítà omi kan fún irúgbìn, ẹ̀pà hù dáadáa, gbòǹgbò rẹ̀ sì gùn. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di gíráàmù méjì, ó pa á lára. Àárín ohun tó ń ṣe oore àti ohun tó ń ṣe ibi kò ju gíráàmù kan lọ. Àwa tí a máa ń fi ọmọrí ìgò wọn oògùn, tí a tún máa ń fi díẹ̀ lé e kó lè tètè ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ ká rántí ìyẹn.

Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì náà ní ìtàn tirẹ̀. Tí a bá da fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sílẹ̀, irin àti alumíníọ̀mù inú ilẹ̀ pupa máa ń dì í mú tí gbòǹgbò kò fi ní rí i lò. Ní 2014, Ruiqiang Liu àti Rattan Lal ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio, Amẹ́ríkà, fún ẹ̀wà sóyà ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe ní ẹ̀rún nánò. Ó so ju èyí tó gba fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ti tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bí 20%. Rattan Lal yìí kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ wa: iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn ló ti ṣiṣẹ́ láti 1970 di 1987, ó wà lára àwọn tó fi hàn pé bí a bá tú ilẹ̀ olóoru sílẹ̀ fún òjò láì fi koríko bò ó, ọ̀rá rẹ̀ yóò wọ́ lọ. Òun ló gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ti 2020. Inú ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ohun ọ̀gbìn ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ 2014 yẹn, kì í ṣe ìta gbangba, nítorí náà ẹ má ṣe gbé owó lé e lórí. Kì í ṣe ohun tí ẹ lè rí rà ní ṣọ́ọ̀bù lónìí.

Èyí tí mo rò pé ó lè ṣe wá láǹfààní jù lọ́jọ́ iwájú ni ẹ̀kẹta, èyí tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ní 2017, Nilwala Kottegoda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sri Lanka so yúríà mọ́ ẹ̀rún nánò tí wọ́n fi kálísíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ṣe, irú ohun tó wà nínú egungun. Yúríà náà ń lọ́ra yọ́ ju yúríà lásán lọ ní ìlọ́po 12, ìrẹsì sì ṣe dáadáa pẹ̀lú ìdajì yúríà tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé yúríà tó tó nǹkan ṣì wà níbẹ̀. Wọn kò gbìyànjú láti fi gíráàmù 20 bọ́ odidi oko. Ìṣòfò ni wọ́n dín kù.

Ẹ wo ewé kí ẹ tó ra ìgò

Àgbàdo máa ń fi ewé sọ ohun tó ń dùn ún. Bí náítírójìn bá wọ́n fún un, ewé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pọ́n, pípọ́n náà á bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó ewé, á máa bá egungun àárín ewé bọ̀ wá sí ìdí. Bí ó bá jẹ́ pé etí ewé ìsàlẹ̀ ló ń gbẹ bí ẹni pé iná jó o, pọtásíọ̀mù ni. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí kò tó máa ń jẹ́ kí ewé àgbàdo kékeré ní àwọ̀ àlùkò. Ti síǹkì yàtọ̀: ewé tuntun, ewé òkè, ló ti máa ń hàn. Ẹ óò rí ìlà funfun gbòòrò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì egungun àárín, láti apá ìdí ewé, àgbàdo náà á sì kúrú, oríkèé rẹ̀ á sún mọ́ra.

Bí ìlà funfun yẹn bá wà lóko yín, pàápàá lórí ilẹ̀ oníyanrìn tàbí ilẹ̀ tí ẹ ti ń da fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sí lọ́dọọdún, ajílẹ̀ síǹkì yẹ fún ẹni tó fẹ́ dán an wò. Bí ewé ìsàlẹ̀ ló ń pọ́n, ẹ lọ ra yúríà. Ẹni tó bá lówó díẹ̀ kó gbé iyẹ̀pẹ̀ oko rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, IITA àti IAR&T tó wà ní Moor Plantation, Ìbàdàn, ní yàrá àyẹ̀wò ilẹ̀. Kó bu iyẹ̀pẹ̀ ní ojú ibi bíi 15 káàkiri oko, kó pò wọ́n pọ̀, kó sì mú díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ ka ara ìgò náà pẹ̀lú. Ìgò tó bá kọ „nánò” gàdàgbà ṣùgbọ́n tí kò kọ iye èròjà inú rẹ̀ ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ dá a padà. Láti 2019 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń ṣọ́ bí ajílẹ̀ ṣe jẹ́ ojúlówó sí, ẹni tó bá ń ṣe ajílẹ̀ tàbí tó ń tà á sì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀. Ẹ béèrè rẹ̀. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ṣe é pẹ̀lú, nítorí ẹ̀rún nánò tó bá pẹ́ nínú ìgò máa ń so pọ̀ di ìdìpọ̀, nánò rẹ̀ ti parí nìyẹn. Bí ẹ bá mi ìgò náà tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò tú, ẹ má ṣe san owó.

Pọ́ǹpù àti omi

Pọ́ǹpù tí a fi fín oògùn apakoríko ni olórí ewu, ó sì ti ba oko jẹ́ ju ajílẹ̀ burúkú lọ. Díẹ̀ lára oògùn apakoríko tó kù nínú ọ̀pá tàbí ẹnu pọ́ǹpù tó láti mú kí ewé àgbàdo pọ́n, ó tó láti pa ẹ̀wà. Ẹ ní pọ́ǹpù ọ̀tọ̀ fún ajílẹ̀. Bí agbára kò bá ká a, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ èyí tó wà ní ìgbà mẹ́ta, kí ẹ sì fín omi lásán gba ẹnu rẹ̀ jáde nígbà kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹ tó pò ohunkóhun, ẹ mọ iye omi tí ọwọ́ yín ń fín. Ẹ wọn ilẹ̀ mítà 10 sí mítà 10. Ẹ rọ omi lásán tí ẹ ti wọ̀n sínú pọ́ǹpù, ẹ fín in bí ẹ ṣe máa ń rìn gan-an, kí ẹ sì wo iye lítà tó lọ. Bí lítà 4 bá lọ, éékà kan yóò gba nǹkan bíi lítà 160. Hẹ́kítà yóò gba 400. Ẹ tún un ṣe bí ẹlòmíràn bá máa gbé pọ́ǹpù náà, nítorí ẹsẹ̀ ọ̀dọ́ àti ẹsẹ̀ àgbà kì í yá bákan náà. Ìgbà yìí ni ẹ óò wá mọ ìwọ̀n tí ẹ máa pò. Sírínjì ni kí ẹ fi wọn ajílẹ̀ olómi, kì í ṣe ọmọrí.

Ẹ rọ omi dé ìdajì pọ́ǹpù, ẹ mi ìgò ajílẹ̀ dáadáa, ẹ da ìwọ̀n tó yẹ sí i, ẹ rò ó, kí ẹ tó wá fi omi kún un. Omi tó mọ́ ni: ẹrẹ̀ inú omi odò máa ń dì mọ́ ẹ̀rún nánò. Ẹ má ṣe kó o pọ̀ mọ́ oògùn kòkòrò nínú pọ́ǹpù kan náà àyàfi bí ara ìgò bá sọ pé ó ṣeé ṣe. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀, ẹ pò díẹ̀ nínú méjèèjì sínú ìgò omi tó mọ́ gaara, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan. Bí ó bá dì tàbí tó gbóná, kò ṣeé pò.

Ìgbà àkọ́kọ́ láti fín síǹkì sórí àgbàdo ni ìgbà tó bá ga dé orúnkún, nígbà tí ewé ti pọ̀ tó láti gba omi dúró. Èkejì lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn náà, kó tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe fín in nígbà tí ìrùkẹ̀rẹ̀ bá ń da ìyẹ̀fun. Àárọ̀ kùtù lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ, tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ló dára jù. Ní àkókò òjò àkọ́kọ́, ọ̀sán ni òjò máa ń sábà dé, nítorí náà àárọ̀ ni kí ẹ mú. Ẹnu pọ́ǹpù tó ń fọ́n omi pẹlẹbẹ bí abẹ̀bẹ̀ ló yẹ, kí ewé rin ṣinṣin láì máa kán tótótó sílẹ̀.

Ìdánwò lórí ilẹ̀ tiyín

Ìwé kankan, títí kan èyí, kò lè sọ bí ilẹ̀ yín yóò ṣe dáhùn. Ẹ yan ibi tí ilẹ̀ ti dọ́gba. Ẹ yẹra fún ibi tí ahéré wà tẹ́lẹ̀, ìdí ọ̀gán, abẹ́ igi àti ibi tí màlúù máa ń sùn, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ á parọ́ fún yín. Ẹ gé e sí abala 12, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlà àgbàdo mẹ́fà, ìlà kọ̀ọ̀kan kó gùn ní mítà 10, kí àlàfo àárín ìlà sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 75.

Ohun mẹ́rin ni ẹ óò dán wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní abala mẹ́ta. Ẹ ṣe abala mẹ́ta bí ẹ ṣe ń ṣe é látẹ̀yìnwá. Ẹ ṣe mẹ́ta bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fi ajílẹ̀ nánò lé e. Ní mẹ́ta mìíràn, ẹ dín ajílẹ̀ alápò kù bí olùtajà ṣe ní kí ẹ ṣe, kí ẹ wá fín nánò: abala yìí ni yóò dá olùtajà lóhùn. Mẹ́ta tó kù, ẹ ṣe é bí ìṣe yín, ṣùgbọ́n kí ẹ fín síǹkì sọ́fétì lásán tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn oko sí i, nítorí bí síǹkì olówó pọ́ọ́kú bá ṣiṣẹ́ kan náà, kí lẹ fẹ́ fi nánò ṣe? Àwọn abala tí kò gba nǹkan kan, ẹ fín omi lásán sí wọn. Ẹ da àwọn abala náà rú, kí oríṣi kan má ṣe wà lójú kan.

Nígbà ìkórè, ẹ fi ìlà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ létí méjèèjì, ẹ kórè mẹ́rin àárín. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ títí tí eyín yóò fi fọ́ ọ pẹ̀lú ariwo, ẹ ṣẹ́ ẹ, kí ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ojú lásán máa ń tan àgbẹ̀ jẹ níbí, nítorí ajílẹ̀ tó ń mú ewé dú kì í fìgbà gbogbo mú ọkà pọ̀. Iye kílò tí ẹ bá rí, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 135, èyí ni iye tí éékà kan ìbá mú wá.

Ẹ kọ́kọ́ wo abala mẹ́ta tí ẹ ṣe bí ìṣe yín. Bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn bá ju èyí tó kéré jù lọ ní kílò méjì, ilẹ̀ nìkan lè dá ìyàtọ̀ kílò méjì sílẹ̀. Nánò tó bá wá fi kílò kan péré ju ti ìṣe yín lọ kò tíì ṣe nǹkan kan tí ẹ lè gbé ara lé. Bí ìyàtọ̀ náà bá pọ̀ dáadáa, ẹ wá mú owó wọ̀ ọ́. Ká ní owó ìgò àti owó ẹni tó fín in jẹ́ iye tí kílò 40 àgbàdo ń lọ lójà yín, àfi kí éékà náà fi ju kílò 40 lọ lé sí i kí ẹ tó jèrè. Ẹ tún un ṣe lọ́dún kejì kí ẹ tó fi gbogbo oko sí i, nítorí ọdún tí òjò dára àti ọdún tí òjò dá kì í sọ ohun kan náà.

Ara ẹni tó ń fín in, àti omi tó kù

Ajílẹ̀ nánò tó jẹ́ ìyẹ̀fun léwu ju olómi lọ, nítorí ẹ̀rún tó kéré tó bẹ́ẹ̀ máa ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà. Aṣọ tí a kàn dì mọ́ imú kò lè dá a dúró. Ìbòmú gidi ni kí ẹ lò nígbà tí ẹ bá ń pò ó, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ẹ̀wù alápá gígùn. Ẹ dúró sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀ láti ẹ̀yìn yín. Kí ọmọdé má ṣe bá yín pò ó, kí ẹ má sì jẹun títí ẹ óò fi fọwọ́.

Ẹ lè gbọ́ nípa ẹ̀rún nánò fàdákà pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, ti fi omi èèpo obì gbànja ṣe é, wọ́n sì dán an wò lórí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017. Iṣẹ́ tó wúni lórí ni, ṣùgbọ́n fàdákà kì í ṣe oúnjẹ ohun ọ̀gbìn, ó sì ń pa kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀, ti burúkú ti rere. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ta fàdákà fún yín gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀ ń ta nǹkan mìíràn.

Síǹkì àti bàbà máa ń pa ẹja àti àwọn ohun kéékèèké inú omi, nítorí náà ẹ má ṣe fọ pọ́ǹpù létí odò, bí odò náà ti wù kó sún mọ́ oko tó. Ẹ pò ìwọ̀n tí ilẹ̀ yóò gbà tán. Omi tí ẹ bá fi ṣan pọ́ǹpù, ẹ fín in sórí àgbàdo tí kò tíì gbà tó, ní ìlà tó jìnnà sí omi. Ẹ lu ìgò tó bá ti tán ní ihò kí ẹnikẹ́ni má baà fi bu omi mu tàbí fi ta epo, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ fín, iye tí ẹ pò àti abala tó gbà á sínú ìwé kí ẹ tó kúrò lóko.